Ọgbọ́n Ọlọ́gbọ́n: John Dewey ní Ilẹ̀ Ṣáínà

(Ọ̀rọ̀ orí rédíò)

Àwọn baba wa ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè, gbogbo wa ni a sì ń pa òwe náà bí ọ̀rọ̀ bá dé ojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ ohun tí ó yẹ kí á fi ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n náà ṣe nígbà tí ó bá dé ẹnu ọ̀nà wa, bóyá kí á gbé e mì láìjẹ ẹ́ lẹ́nu ni, tàbí kí á kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, tàbí kí á tilẹ̀ dà á padà fún ẹni tí ó gbé e wá pé kò bá ilé wa mu. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ bá yín sọ lálẹ́ òní, n kò sì ní fi àbá lásán sọ ọ́, nítorí ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú ìtàn: ìtàn ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà kan, ẹni ọdún 59, tí ó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi ní èbúté Shanghai ní ìparí oṣù kẹrin ọdún 1919, òun àti Alice aya rẹ̀, tí wọ́n ní in lọ́kàn láti lo ìwọ̀nba ọ̀sẹ̀ péré ní ilẹ̀ Ṣáínà, tí wọ́n sì lo ọdún méjì ó lé díẹ̀ kí wọ́n tó forí lé ọ̀nà ilé.

John Dewey ni orúkọ ọkùnrin náà. Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ yóò ti bá a pàdé nínú ìwé, nítorí orúkọ rẹ̀ kì í wọ́n níbi tí a bá ti ń kọ́ni bí a ti í kọ́ ọmọdé. Ní Burlington, ní ìpínlẹ̀ Vermont, ni a bí i sí ní 1859, ó sì ti di ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà ní Yunifásítì Columbia ní New York kí ó tó rin ìrìn-àjò tí mo ń wí yìí. Ẹ̀kọ́ tí ó ń kọ́ni ni àwọn òyìnbó ń pè ní prágímátísíìmù. Charles Peirce ni ó kọ́kọ́ gbé e kalẹ̀ nínú àròkọ kan tí ó tẹ̀ jáde ní 1878. William James ti Yunifásítì Harvard ni ó sì gbé e jáde sí ìta gbangba, pàápàá nínú ìwé rẹ̀ ti 1907. Bí mo bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ la ọ̀rọ̀ púpọ̀, ohun tí wọ́n wí ni pé ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìtumọ̀ èrò kan, kí ó bèèrè ohun tí yóò yàtọ̀ nínú ìṣe wa àti nínú ohun tí ojú wa yóò rí bí èrò náà bá jẹ́ òtítọ́. Bí kò bá sí ohun kan tí yóò yàtọ̀, a jẹ́ pé asọ̀ orí ahọ́n lásán ni a ń ṣe. Dewey wá fi tirẹ̀ kún un pé ìgbà tí ìdíwọ́ bá dé bá ènìyàn lójú ọ̀nà ni ó tó ń ronú ní tòótọ́: yóò wo ohun tí ó dínà, yóò dá àbá, yóò gbé àbá náà yẹ̀ wò nínú ìṣe, yóò sì fi ojú rere tàbí ojú òǹrorò wo ohun tí ó bá tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Nítorí náà, nígbà tí ó dá ilé ẹ̀kọ́ ọmọdé kan sílẹ̀ ní Chicago ní 1896, kò kó wọn jókòó láti há ọ̀rọ̀ sórí. Wọ́n ń se oúnjẹ, wọ́n ń hun aṣọ, wọ́n ń kan àpótí, láti inú iṣẹ́ wọ̀nyí ni ìṣirò àti ìtàn àti ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ń yọ sí wọn.

Mo mọ̀ pé àwọn kan a máa fi ẹ̀kọ́ yìí ṣe yẹ̀yẹ́, tí wọn a máa wí pé ẹ̀kọ́ àwọn oníṣòwò Amẹ́ríkà ni, pé ohun tí ó bá ti mú owó wọlé ni wọ́n ń pè ní òtítọ́. Ìṣìnà gbáà ni. Ohun tí Dewey sọ ni pé kí á gbé àbáyọrí èrò wa sí gbangba, níbi tí gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn ti lè yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n jẹ́rìí sí i tàbí kí wọ́n takò ó. Bí a bá sì ti gba èyí, a kò tún lè di etí sí ẹ̀rí àwọn ẹ̀yà mìíràn mọ́, nítorí ìdánwò tí a ṣe láàárín kìkì àwọn tí ó ti gbà pẹ̀lú wa tẹ́lẹ̀ kò tíì tó ìdánwò. Níbẹ̀ gan-an ni ìmọ̀ yìí ti bá ọ̀rọ̀ ìfikùnlukùn láàárín àṣà àti àṣà pàdé; ó wá kù kí á mọ̀ bóyá Dewey fúnra rẹ̀ yóò lè jẹ nínú ohun tí ó ń bù fún àwọn ẹlòmíràn.

Ọmọ Ṣáínà tí ó wà nídìí ìkésíni náà ni Hu Shi, ọ̀nà tí òun náà sì gbà dé ọ̀dọ̀ Dewey kò ṣe é fò kọjá. Ní 1900, àwọn ẹgbẹ́ kan ní àríwá Ṣáínà dìde sí àwọn òyìnbó àti àwọn onígbàgbọ́. Orílẹ̀-èdè mẹ́jọ kó ogun wọ Beijing, wọ́n ṣẹ́gun, wọ́n sì bu owó ìtanràn lé Ṣáínà lórí ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, 450 mílíọ̀nù owó fàdákà tí wọ́n ń pè ní tael. Nígbà tí ó ṣe, Amẹ́ríkà dá apá kan padà nínú ìpín tirẹ̀, lórí àdéhùn pé kí a fi rán àwọn ọ̀dọ́ Ṣáínà lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Amẹ́ríkà. Bí owó ìtanràn ogun ṣe di owó ilé ìwé nìyẹn. Oore ni ẹ fẹ́ pè é ni àbí ètekéte? Ní tèmi, méjèèjì lè jọ wà nínú ìkòkò kan náà, kí ọbẹ̀ sì dùn.

Hu Shi wà lára àwọn tí owó náà rán lọ ní 1910. Yunifásítì Cornell ni ó kọ́kọ́ lọ, iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ó sì ń kọ́, títí di ọjọ́ tí wọ́n kó oríṣiríṣi èso ápù síwájú òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n dá orúkọ wọn mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ Amẹ́ríkà, tí wọ́n ti ń jẹ ápù láti ìgbà tí wọ́n ti ń rá kòrò, parí tiwọn kíá. Àwọn ọmọ Ṣáínà jókòó tì í títí, ohun tí ó sì ń yí Hu Shi lọ́kàn ni pé púpọ̀ nínú àwọn èso wọ̀nyí kò sí ní ilẹ̀ baba òun rárá. Kò pẹ́ tí ó fi iṣẹ́ àgbẹ̀ sílẹ̀, tí ó kọjú sí ìmọ̀ ọgbọ́n orí, tí ó sì kọjá sí Columbia ní 1915 kí ó lè jókòó lẹ́sẹ̀ Dewey. Mo fẹ́ràn ìtàn èso ápù yìí púpọ̀, nítorí kò tíì mọ Dewey nígbà náà tí ó fi bèèrè ìbéèrè Dewey: kí ni ìmọ̀ yìí yóò ṣe níbi tí mò ń lọ?

Kí ó tó padà sílé rárá ni òkìkí rẹ̀ ti kàn. Ní oṣù kìíní ọdún 1917, ìwé ìròyìn kan ní Shanghai tẹ àròkọ rẹ̀ jáde, nínú èyí tí ó ti rọ àwọn òǹkọ̀wé Ṣáínà pé kí wọ́n fi èdè àtijọ́ sílẹ̀, èdè tí àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan ń kọ tí ẹnikẹ́ni kò sì fi ń nájà, kí wọ́n máa kọ̀wé bí aráyé ti ń sọ̀rọ̀. Ní ọdún náà ni ó padà dé, tí Cai Yuanpei, ọ̀gá Yunifásítì Beijing, fi í ṣe olùkọ́ níbẹ̀. Nígbà tí ó gbọ́ pé olùkọ́ òun ti dé Jàpáánù fún ìkọ́ni ní ìbẹ̀rẹ̀ 1919, òun àti àwọn ọmọ Columbia mìíràn sáré kọ̀wé sí i pé kí ó jọ̀wọ́ yà. Jàpáánù tọ́jú Dewey bí ọba. Wọ́n tilẹ̀ fẹ́ fi oyè àmì-ẹ̀yẹ ìjọba dá a lọ́lá, ṣùgbọ́n ó kọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ohun tí kò rí níbẹ̀ ni irú etí ìgbọ́ tí ó ń dúró dè é ní òdìkejì òkun.

Ó kù díẹ̀ kí ó pé ọ̀sẹ̀ kan tí ó ti gúnlẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ Ṣáínà gbiná. Àwọn alágbára ayé tí ń pín ẹrù Ogun Àgbáyé Kìíní ní Versailles, nílẹ̀ Faransé, ti gba ẹ̀tọ́ tí Jámánì ní lórí ẹkùn Shandong, wọn kò dá a padà fún Ṣáínà tí ó ni ilẹ̀, Jàpáánù ni wọ́n gbé e fún. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù karùn-ún, nǹkan bí 3,000 akẹ́kọ̀ọ́ péjọ ní gbàgede Tiananmen ní Beijing. Wọ́n kọrin, wọ́n gbé àkọlé, wọ́n lọ dáná sun ilé mínísítà kan tí wọ́n ní ó ta ìlú fún Jàpáánù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà, ìjọba kó wọn ní ọ̀pọ̀ yanturu, ẹ̀wọ̀n kò sì gbà wọ́n mọ́, ni wọ́n bá sọ ilé ẹ̀kọ́ òfin ti Yunifásítì Beijing di ọgbà ẹ̀wọ̀n. Dewey wà ní Beijing nígbà náà, ó sì ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú lẹ́tà sí àwọn ọmọ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà: bí àwọn oníṣòwò Shanghai ti ti ìsọ̀ wọn pa nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́, bí àwọn ṣọ́jà ti dédé kó àgọ́ wọn lọ lóru, àti bí àwọn ọmọ tí a tú sílẹ̀ ti kọ̀ láti jáde, tí wọ́n ṣe ìpàdé nínú ẹ̀wọ̀n, tí wọ́n ní àwọn kò lọ síbì kan àfi bí ìjọba bá fi ọkàn àwọn balẹ̀ pé àwọn ní òmìnira láti sọ̀rọ̀. Ìjọba ni ó padà wá bẹ̀ wọ́n. Ní ọjọ́ 28 oṣù náà, àwọn aṣojú Ṣáínà kọ̀ láti tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn Versailles.

Ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó wá kọ́ni ní ìjọba àwa-ara-wa bá a lọ́nà tí a ń fi ẹsẹ̀ rìn ín. Bí a bá rìn jìnnà, a ó rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́; Dewey rí i, ó sì pinnu pé òun kò tíì ní lọ. Ó gba àyè lọ́wọ́ Columbia, ó dúró.

Ẹ jẹ́ kí á wá wo bí iṣẹ́ náà ti ń lọ, nítorí níhìn-ín ni ìfikùnlukùn ti fi orúkọ sílẹ̀ tí ó di iṣẹ́ ọwọ́. Dewey kò gbọ́ èdè Ṣáínà. Ṣáájú ọjọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́, yóò jókòó ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀, yóò tẹ kókó ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, yóò sì fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí Hu Shi kí ó lè ronú ọ̀rọ̀ tí yóò lò. Lọ́jọ́ náà, yóò sọ gbólóhùn bíi mélòó kan, yóò dákẹ́. Hu Shi yóò gbà á, yóò sì sọ ọ́ ní èdè tí ìyá aláta ní Beijing lè gbọ́, èyí tí ó ti ń jà fún láti 1917. Àwọn akọ̀wé tí a yàn yóò máa kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ìwé ìròyìn yóò sì gbé e jáde fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí kò sí nínú gbọ̀ngàn náà. Bí Dewey ti ń lọ láti ẹkùn dé ẹkùn, títí ó fi dé mọ́kànlá nínú wọn, ni àwọn ògbufọ̀ mìíràn ń ràn án lọ́wọ́. Márùn-ún nínú àwọn ọ̀wọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ó ṣe ní Beijing di ìwé ní 1920, lórí ìṣèlú àti àwùjọ, lórí ẹ̀kọ́ kíkọ́, lórí ọ̀nà ìrònú, lórí ìwà rere, àti lórí àwọn onímọ̀ mẹ́ta ìgbà náà, James, Bergson àti Russell; kí ó tó fi Ṣáínà sílẹ̀, wọ́n ti tún ìwé náà tẹ̀ ju ìgbà mẹ́wàá lọ. Hu Shi ni ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi ojú ẹ̀kọ́ yìí wo ọ̀rọ̀ ìṣèlú, iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni nínú àwọn onímọ̀ prágímátísíìmù kò tíì jókòó ṣe dáadáa ní Amẹ́ríkà. A jẹ́ pé ìbéèrè àlejò ni ó bí apá kan nínú ìmọ̀ onílé, tàbí kí n sọ pé ìbéèrè onílé ni ó bí ìmọ̀ àlejò; kò rọrùn mọ́ láti mọ ẹni tí ó gba ẹnì kejì lálejò.

Ní ogúnjọ́ oṣù kẹwàá 1919, Dewey pé ọmọ 60 ọdún, wọ́n sì ṣe àsè fún un. Bí kàlẹ́ńdà òṣùpá àwọn ará Ṣáínà ti ṣe é, ọjọ́ ìbí Confucius, baba ńlá àwọn olùkọ́ wọn, bọ́ sí ọjọ́ kan náà lọ́dún yẹn. Cai Yuanpei dìde, ó fi àwọn méjèèjì wé ara wọn, ó sọ ibi tí wọ́n ti jọra, kò sì fi ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ pa mọ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wo ayé: ní ọdún náà gan-an ni àwọn ọ̀dọ́ yunifásítì yẹn ń pariwo pé kí a kó ẹ̀kọ́ Confucius dà sígbó, pé òun ni ó sọ Ṣáínà di ẹrú, orúkọ arúgbó tí wọ́n ń bú náà ni wọ́n sì fi ki àlejò tí wọ́n fẹ́ràn jù. Bóyá ọmọ tí ó ń bá baba rẹ̀ jà kò lè rí oríkì mìíràn ki àlejò ju èyí tí ó bá nílé lọ.

Hu Shi fúnra rẹ̀ ní èrò tí ó jinlẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nínú ìwé tí ó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Columbia, ó lọ tú ìtàn ìrònú Ṣáínà àtijọ́ palẹ̀, ó sì jiyàn pé ìmọ̀ tuntun kò ní fẹsẹ̀ múlẹ̀ bí kò bá rí gbòǹgbò nínú ìmọ̀ tí ó ti wà nílẹ̀. Nígbà tí ó padà délé, ó tọ́ka sí àwọn ọ̀mọ̀wé ayé ìjọba Qing, àwọn bíi Gu Yanwu àti Dai Zhen, tí wọ́n kì í gba ọ̀rọ̀ ìwé àtijọ́ gbọ́ láìjẹ́ pé wọ́n rí ẹ̀rí rẹ̀ níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, ó ní àwọn wọ̀nyí ti ń lo ọgbọ́n àyẹ̀wò kí òyìnbó tó dé. Òótọ́ ni, mo sì gbà pẹ̀lú rẹ̀ dé ìdajì. Ohun tí kò jẹ́ kí n gba ìdajì kejì ni pé ìwé ni púpọ̀ nínú àwọn bàbá wọ̀nyẹn ń yẹ̀ wò. Wọn kì í sábà fi ọgbọ́n náà kan ebi, tàbí àgbẹ̀ tí ọ̀gbẹlẹ̀ pa oko rẹ̀. Hu Shi náà sì jẹ́ ènìyàn ìwé. Ibi tí ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti rí Dewey nínú ilé baba rẹ̀ ni ó ti rí i, apá tí ó mú Dewey wọ ilé ìdáná àti ìsọ̀ káfíńtà ní Chicago kò sì gbà á lọ́kàn tó bẹ́ẹ̀.

Asọ̀ kan bẹ́ sílẹ̀ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1919 tí ó fi èyí hàn. Hu Shi kọ̀wé pé kí àwọn ọ̀dọ́ yéé fi orúkọ ẹ̀kọ́ ńláńlá tí ó ti òkèèrè wá jó kiri. Kí wọ́n jókòó yẹ ìṣòro wò ní ẹyọ ẹyọ, bí àwọn tí ń fi ara wọn fa kẹ̀kẹ́ èrò ní ìgboro Beijing yóò ti máa rí oúnjẹ jẹ, bí àwọn obìnrin yóò ti gba òmìnira. Li Dazhao, olùtọ́jú ilé ìkàwé Yunifásítì Beijing, ẹni tí yóò wà lára àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì Ṣáínà sílẹ̀ ní 1921, fún un lésì pé ìṣòro ẹyọ ẹyọ kò ní yanjú bí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò bá ní èrò kan tí wọ́n jọ dì mú, pé nígbà mìíràn a ní láti tún ìpìlẹ̀ ilé ṣe kí á tó lè kun yàrá. Ẹnu dùn-ún ròfọ́, agada ọwọ́ dùn-ún ṣánko. Àwọn ọ̀rẹ́ méjì yìí, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń rò pé ẹnu ni ẹnì kejì fi ń roko. N kò rò pé ẹnì kan nínú wọn jẹ̀bi tán. Hu Shi rí i pé orúkọ ẹ̀kọ́ ńlá lè di orí-ìrọ̀rí tí ọ̀lẹ ń sùn lé. Li rí i pé ẹni tí ń fa kẹ̀kẹ́ kò lè dúró de ọ̀jọ̀gbọ́n kí ó parí ìwádìí. Ohun tí kò yé Hu Shi tó ni pé àyẹ̀wò àti àtúnṣe, gẹ́gẹ́ bí Dewey ti kọ́ ọ, ń fẹ́ àkókò, ó ń fẹ́ ìjọba tí yóò fetí sílẹ̀, àwọn ológun tí wọ́n pín Ṣáínà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ nígbà náà kò sì ní fún ẹnikẹ́ni ní ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ní 1927, ọ̀kan nínú àwọn ológun wọ̀nyí pa Li Dazhao.

Bí ọ̀rọ̀ bá mọ síbẹ̀, n kì bá tí gbé e wá sórí rédíò. Ṣùgbọ́n ọmọ Columbia mìíràn wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, ọ̀kan nínú àwọn tí ó lọ pàdé Dewey ní èbúté Shanghai, ọdún kan náà ni a bí òun àti Hu Shi, ìpínlẹ̀ kan náà, Anhui, sì ni ìdílé àwọn méjèèjì ti wá. Tao Xingzhi ni orúkọ rẹ̀. Bí ẹ bá bi mí, òun ni mo kà sí akẹ́kọ̀ọ́ Dewey tí ó ga jù ní Ṣáínà, nítorí òun ni ó yí ọ̀rọ̀ olùkọ́ rẹ̀ dorí kodò.

Tao padà délé ní 1917, ó sì kọ́kọ́ ń ṣe bí àwọn yòókù ti ń ṣe, ó ń wọ kóòtù, ó ń kọ́ni ní Nanjing. Láti 1923 ni òun àti Yan Yangchu pẹ̀lú àwọn mìíràn ti ń ṣe ìpolongo ẹ̀kọ́ fún mẹ̀kúnnù, tí wọ́n ṣe ìwé ìléwọ́ tí ó ní ẹgbẹ̀rún àmì èdè Ṣáínà péré, kí àgbẹ̀ lè mọ̀wé kà láàárín oṣù díẹ̀. Ìyá Tao fúnra rẹ̀, tí ó ti lé ní 50 ọdún, kọ́ ìwé náà nílé. Ọmọ-ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà, ni ó sì jẹ́ olùkọ́ rẹ̀. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilẹ̀-Ifẹ̀, Tao sì rí ìlú tí wọ́n lè fi èyí dá: ní àárín ọdún 1930 sí 1940 ó sọ ọ́ di ètò gbogbogbò, pé kí ọmọ tí ó bá kọ́ àmì mẹ́wàá lónìí lọ kọ́ ìyá rẹ̀ àti ọmọ aládùúgbò ní mẹ́wàá náà lọ́la, kí ó má sì dúró de ìwé ẹ̀rí kankan.

Ní oṣù kẹta 1927, ó fi ìgboro sílẹ̀, ó lọ dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ oko sílẹ̀ ní Xiaozhuang, lẹ́yìn odi Nanjing. Àwọn tí ó kọ́kọ́ gbà kò pé ogún. Nínú ìkéde rẹ̀ ó ti sọ fún àwọn ọmọ olówó àti àwọn ajẹ̀wé-má-mọ̀ṣẹ́ pé kí wọ́n má ṣe yọ ara wọn lẹ́nu láti wá, ìdánwò ìwọlé sì ní ilẹ̀ ríro nínú. Wọn kò bá ilé níbẹ̀. Àwọn ni wọ́n kọ́ ọ. Wọ́n ń gbin oúnjẹ, wọ́n ń ru ìgbẹ́ ẹran, wọ́n ń dáná, Tao náà sì wọ aṣọ àgbẹ̀ pẹ̀lú wọn. Ibẹ̀ ni ó ti wá rí i pé ọ̀rọ̀ Dewey kò tó fún Ṣáínà bí a ti sọ ọ́. Dewey ti ní kí ẹ̀kọ́ jẹ́ ìgbésí ayé, kí ilé ẹ̀kọ́ sì dà bí àwùjọ kékeré. Tao ní rárá, ìgbésí ayé ni kí ó jẹ́ ẹ̀kọ́, kí àwùjọ fúnra rẹ̀ jẹ́ ilé ẹ̀kọ́. Ó fi ẹyẹ ṣe àpẹẹrẹ: ó ní ẹni tí ó bá ń gbé díẹ̀díẹ̀ nínú ayé wọ inú ilé ẹ̀kọ́ ń já ẹ̀ka igi wá sínú àgò fún ẹyẹ, nígbà tí ó yẹ kí ó ṣílẹ̀kùn àgò.

Kì í ṣe ọgbọ́n àsọdùn ni. Ìdí rẹ̀ kò fara sin: ní Chicago, ilé ẹ̀kọ́ wà fún gbogbo ọmọ, ìṣòro ibẹ̀ ni pé ilé ẹ̀kọ́ náà ti gbẹ, ó sì ṣe é ṣe láti da omi ayé sí i, ṣùgbọ́n ní Ṣáínà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún àgbẹ̀ kò rí ilé ẹ̀kọ́ kankan wọ̀, tútù ìbáà tutù, gbígbẹ ìbáà gbẹ. Tao gbé èrò olùkọ́ rẹ̀ lọ sí oko, ó dán an wò, ó rí ohun tí kò ṣiṣẹ́, ó sì tún un ṣe, gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ náà ti kọ́ ọ pé kí a máa ṣe. Hu Shi tí ó pa ọ̀rọ̀ Dewey mọ́ pátápátá kò bọ̀wọ̀ fún un tó èyí. Tao tilẹ̀ pààrọ̀ orúkọ ara rẹ̀ títí ó fi di Xingzhi, èyí tí ó gbé ìṣe síwájú ìmọ̀, tí ó sì fi bá Wang Yangming jiyàn, ọlọ́gbọ́n Ṣáínà ìgbà láéláé tí ó gbé ìmọ̀ síwájú. Ó bá òyìnbó jiyàn, ó bá bàbá ara rẹ̀ jiyàn, oko kan náà ni ó sì dúró sí bá àwọn méjèèjì jiyàn. Ọdún mẹ́ta ni Xiaozhuang fi wà; ìjọba Chiang Kai-shek tì í pa ní 1930, Tao sá lọ sí Jàpáánù fún ìgbà díẹ̀. Ó kú ní Shanghai ní 1946.

Dewey ńkọ́? Ó jẹ nínú ohun tí ó ń bù fún àwọn ẹlòmíràn? Mo rò pé ó jẹ, bí kò tilẹ̀ jẹ àjẹyó. Láti Beijing ni ó ti ń kọ àròkọ ránṣẹ́ sí àwọn ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà, ó ń sọ fún àwọn ará ilé rẹ̀ pé àtúnṣe Ṣáínà yóò ti inú Ṣáínà wá, pé ẹni tí ó bá fẹ́ gbé e kalẹ̀ fún wọn láti ìta yóò da nǹkan rú. Ní 1922 ó kọ̀wé lórí bí àwọn ará Ṣáínà ti ń ronú, ó yin sùúrù tí wọ́n rí kọ́ lọ́dọ̀ Laozi, ọlọ́gbọ́n wọn àtijọ́, àti lọ́wọ́ ilẹ̀ tí àwọn baba ńlá wọn ti ń ro fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún tí kò sì ṣá. Ó sì fi kún un, láìfi ọ̀rọ̀ pa mọ́, pé sùúrù yìí kan náà a máa jẹ́ kí ohun búburú pẹ́ nílẹ̀. Ní 1951, nígbà tí ó ku ọdún kan kí ó kú, àwọn ọ̀mọ̀wé ní Hawaii dá ìwé ìròyìn kan sílẹ̀ fún ìmọ̀ ọgbọ́n orí ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn, wọ́n ní kí ó kọ nǹkan sí i. Ohun tí arúgbó náà kọ kò gùn: ó rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n kọ́kọ́ wó èrò náà lulẹ̀ pé nǹkan kan wà tí ń jẹ́ Ìlà-oòrùn lódidi àti nǹkan kan tí ń jẹ́ Ìwọ̀-oòrùn lódidi, tí a ní láti so pọ̀. Ẹni tí ó ti rí Hu Shi àti Li Dazhao àti Tao nínú ìlú kan ṣoṣo mọ ohun tí ó ń wí.

Ní Ṣáínà ẹ̀wẹ̀, ìjọba Kọ́múníìsì tuntun tí ó dé ní 1949 kò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ní 1954 àti 1955, wọ́n kó àwọn ọ̀mọ̀wé jọ láti kọ̀wé tako Hu Shi tí ó ti sá jáde, Dewey sì jẹ níbẹ̀ pẹ̀lú. A kò yọ Tao tí ó ti wà ní ibojì sílẹ̀. Nígbà tí ó di ọdún 1980 ó lé, ojú ọjọ́ yí padà, wọ́n dá ọlá Tao padà fún un, nígbà tí ó sì yá, àwọn ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Fudan ní Shanghai jókòó láti túmọ̀ gbogbo ìwé Dewey sí èdè Ṣáínà.

Nǹkan kan kù tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà fẹ́ ka ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí Dewey ṣe ní Ṣáínà, wọn kò rí èyí tí òun fúnra rẹ̀ kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì láti fi tẹ ìwé. Ohun tí wọ́n rí ni èyí tí Hu Shi gbà lẹ́nu rẹ̀, tí àwọn akọ̀wé kọ sílẹ̀, tí ìwé ìròyìn tẹ̀. Robert Clopton àti Tsuin-chen Ou bá túmọ̀ rẹ̀ láti èdè Ṣáínà padà sí Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní Hawaii ní 1973. Títí di òní, àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí èyí tí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ Dewey nínú ìwé náà àti èyí tí Hu Shi bù kún un, ó sì hàn gbangba pé ibì kan wà tí ẹnikẹ́ni kò lè yà wọ́n.

Lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀, ní àkókò bí irú èyí, a ó sọ̀rọ̀ Alain Locke, ọmọ aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tí ó gba ẹ̀bùn Rhodes lọ sí Oxford ní 1907, àti ohun tí òun náà fi ẹ̀kọ́ William James ṣe.